Òtútù Ti Gbéra, Ó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Àìsàn kan wà tí dókítà ò tíì rí oògùn rẹ̀: kí ẹnu èèyàn má lè pe "mi ò mọ̀." Òun ló ń bá káfíńtà kan jà nínú ilé gígùn kan báyìí, yàrá mẹ́jọ, páànù lórí, tálákà nínú. Bí wọ́n bá ní ejò wọlé, á ní, "Mo ti ṣe é rí." Bí aboyún bá ń rọbí, á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti ṣe é rí!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Mo-ti-ṣe-é-rí nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ọmọ pé oṣù méjì, ooru dé, ọrùn ọmọ kún fún ìléròrò wóróworo. Ni ìyá ìyàwó bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bí yàrá náà bá gbóná bí wọ́n ṣe wí, òun á kó ọmọ òun àti ọmọ-ọmọ òun lọ.

Àyà káfíńtà já. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kì í rí oorun sùn bí kò bá gbọ́ mímí rẹ̀ létí. Ṣùgbọ́n ẹnu ò mọ̀ pé àyà ti já.

"Ẹ ní kí Màmá mú súwẹ́tà dání o! Yàrá mi á tutù débi pé eyín wọn á máa gbá ara wọn."

"Bàbá ọmọ," ìyàwó rẹ̀ ní, "a ò ní ẹ̀rọ amúlétutù."

"A ní fìríìjì! Kí ló wà nínú fìríìjì? Òtútù! Bí a bá ṣílẹ̀kùn fún un, ibo ni yóò lọ?"

Ìyá aránṣọ tó ń gbé yàrá òdìkejì gbọ́. Páànù kan náà ló bo òun náà lórí. "Ọ̀gá," ó ní, "ṣe ni kí ẹ ṣí fèrèsé iwájú àti tẹ̀yìn láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ rọ́nà kọjá. Bí oòrùn bá kan fèrèsé, ẹ ta aṣọ funfun sí i."

"Ìyá aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ lẹ mọ̀."

Ní Sátidé, ó ti fèrèsé méjèèjì pa. Ó ki ìwé ìròyìn sí gbogbo ihò òkè ilẹ̀kùn kí òtútù má baà sá. Ó ṣí fìríìjì gbàràgàdà, ó sì gbé fáànù méjì síwájú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ooru tí fìríìjì bá gbà níwájú, ẹ̀yìn ló ń tú u sí. Bó ti ń làágùn ṣiṣẹ́ níwájú, bẹ́ẹ̀ ló ń mí gbígbóná sínú yàrá lẹ́yìn. Ilé ọba tó jó, fìríìjì ló bù sí i!

Ìyá ìyàwó wọlé tòun ti súwẹ́tà. Káfíńtà tẹríba láti kí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí omi yìnyín tó ti yọ́ kalẹ̀, gbìì!

"Àna mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Omi kí lèyí?"

"Òtútù ni mà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá fi apá súwẹ́tà nu òógùn. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀ mà. Ó ti gbéra."

Pàà! Fíúsì ilé jó. Fáànù kú, iná kú ní yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ọkùnrin kan já jáde láti yàrá onígbàjámọ̀ tó ń gbé inú ilé náà, ààbọ̀ orí rẹ̀ dán, ààbọ̀ ṣì kún fún irun.

"Ta ló paná? Èmi mà lọkọ ìyàwó lónìí o!"

Gbogbo ilé bẹjú wo fìríìjì tó la ẹnu sílẹ̀. Ìyá aránṣọ rọra bi í pé, "Ọ̀gá, èyí náà ńkọ́, ṣé ẹ ti ṣe é rí?"

Ọmọ figbe ta. Ìyá ìyàwó gbé e, ó di yàrá ìyá aránṣọ, níbi tí fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Kó tó jókòó, ọmọ ti sùn lọ fọnfọn. Ó padà wá, ó fa ìwé ìròyìn yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí fèrèsé méjèèjì. Atẹ́gùn fẹ́ wọlé lẹ́lẹ́.

Káfíńtà kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kó wọn lọ. Mi ò mọ̀ ni."

"Ta ló ń kó wọn lọ? Yàrá ò ṣẹ̀, ẹni tó ń gbénú rẹ̀ ló ṣẹ̀. Àgbà kì í wà nílé kí ara ọmọ tuntun máa hó. Èmi ni mo máa dúró tì wọ́n."

Inú káfíńtà dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Ẹ ṣeun mà! Títí dìgbà wo?"

"Títí òjò á fi rọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin á pọ̀ jù nínú yàrá kan lásìkò ooru." Ìyá bọ́ súwẹ́tà, ó nà án sí i. "Ẹ ní pákó tí èèyàn lè sùn lé ní ṣọ́ọ̀bù yín, àbí?"