Ilé Àgbéká Tí Sàlá Fi Ru Ẹrù Ìdána

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni bàbá Sìmíátù máa jáde nílé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Hazel Crest, ẹ̀bá Chicago, ó di pápákọ̀ òfuurufú, ó di Ìṣẹ́yìn. Bí ẹrù ìdána ò bá dé kí bàbá tó jáde, ìdána di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Ta ló sì fẹ́ gbé ẹrù ọ̀hún láti Uptown, ní àríwá Chicago? Sàláhúdéènì ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Sàlá. Wàhálà dé!

Ẹ jẹ́ n sọ àìsàn Sàlá fún yín. Ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Bó bá ra bàtà, irú rẹ̀ ò sí ní Chicago. Bí òtútù bá mú un pàápàá, òtútù tirẹ̀ ló le jù!

Ó wá ra ilé àgbéká kan ní àlòkù, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù bí ìgbín ṣe ń ru ìkarahun, ó gbé e ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ń bẹ níbẹ̀, sítóòfù ń bẹ níbẹ̀, táńkì omi ń bẹ níbẹ̀. Bàbá ò rí Sàlá rí, ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀ lórí fóònù, ó sì ti sọ fún bàbá pé: "Mọ́tò kọ́ ni mo máa gbé wá o, sà. Ilé ni mo máa gbé wá!"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mùsílíù ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé wágọ̀nù rẹ̀ dé.

"Sàlá, kó iṣu yẹn sínú tèmi. Ìdí ọkọ̀ rẹ ti ń kanlẹ̀."

"Ìdí ọlọ́lá ló ń wúwo!"

"Táyà ńkọ́? Táyà mọ́tò kékeré lo fi sí i."

"Táyà kàwé ni? Ta ló máa sọ fún un pé ẹrù wúwo?"

Ó kó ogójì iṣu wọlé, àpò iyọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, oyin, àpótí aṣọ, ó fi ọlọ òkúta ńlá kan lé e. Ó tún fa rọ́bà omi, ó rọ táńkì kún dẹ́nu, kí bàbá lè rí omi ṣe àlùwàlá nínú ọkọ̀.

"Ṣé kò sómi ní Hazel Crest ni?" Mùsílíù ní.

"Omi tiwọn ò rìnrìn-àjò rí!"

Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ohun tó wu Sàlá ní í wúwo lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Imú ọkọ̀ gbé sókè, ó ń wo ọ̀run bí adìyẹ tó mumi.

"Epo inú táńkì yìí," Sàlá ní, "á gbé mi lọ, á gbé mi bọ̀, á tún ṣẹ́kù!"

Mùsílíù tẹ̀ lé e nínú wágọ̀nù. Wọn ò tíì rìn jìnnà lórí Dan Ryan, títì márosẹ̀ Chicago, tí epo fi tán. Atẹ́gùn ń ti ilé náà sẹ́yìn, ọkọ̀ ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀! Wọ́n rọ òmíràn, wọ́n tẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò rẹ́rìn-ín.

Gbàù! Táyà ẹ̀yìn bẹ́.

Sàlá ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ ò gbéra, jáàkì ló ń wọlẹ̀. "Tú omi dànù," Mùsílíù ní. Sàlá rá wọ abẹ́, ó ṣí ẹ̀rọ omi, gbogbo omi àlùwàlá bàbá dà lé e lórí, aṣọ funfun tó wọ̀ di ẹrẹ̀. Wọ́n kó iṣu sí etí títì. Òyìnbó kan rọra dúró, ó ní èló ni igi ìdáná yẹn.

"Igi kọ́!" Sàlá pariwo. "Ìyàwó ni!"

Òyìnbó fi eré sí i!

Ọkọ̀ gbéra wàyí. "Gbé sípíà táyà wá," Mùsílíù ní.

Sàlá wolẹ̀. "Mo yọ ọ́ sílé, kí àyè lè gba ọlọ."

Mùsílíù ò tiẹ̀ bú u. Ó kó gbogbo ẹrù sínú wágọ̀nù, ó wọ̀ ọ́ pátá. Sàlá fúnra rẹ̀ ni àyè ò fẹ́ẹ̀ gbà! Ó fi àpò iyọ̀ ṣe ìrọ̀rí, ó gbé ọlọ lé ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Hazel Crest, bàbá ti ti ẹsẹ̀ kan bọ mọ́tò tó máa gbé e lọ. Mùsílíù kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bàbá dì mọ́ ọn: "Àna mi! Sàláhúdéènì! O mà dára lójú ju ohùn rẹ lọ!" Bàbá rí Sàlá lẹ́yìn rẹ̀, tòun tẹrẹ̀, tòun tiṣu lórí. "Alábàárù, rọra o! Má já iṣu ọmọ mi sílẹ̀!"

Sàlá sọ iṣu kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, èmi ni Sàlá."

"Sìmíátù, ṣé òótọ́ ni?"

Sìmíátù kúnlẹ̀. Ó wo Sàlá. Ó wo Mùsílíù, ó wò ó pẹ́ díẹ̀. "Òun náà ni, sà."

"Ilé tó ní òun máa gbé wá ńkọ́?"

"Ó wà lórí Dan Ryan, sà," Sàlá ní.

"Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

Sàlá tún gbé iṣu rẹ̀ rù. Bàbá mi orí, ó gba ẹrù, ó ṣe àdúrà fàtíà fún Sàlá àti Sìmíátù, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ní báyìí, Sìmíátù ti di ìyàwó Sàlá. Ilé àgbéká wà lórí bíríkì lẹ́yìn ilé wọn, kò mu epo mọ́. Bí bàbá bá sì tẹ̀ wọ́n láago láti Ìṣẹ́yìn, àlàáfíà Mùsílíù ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.