Ìhanrun Bàbáńlá Nínú Fọ́ọ̀mù

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà níbí, irú ẹ̀ ò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá imú. Èrò tó wá wò ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹni tó bá ní a ò ju ogún lọ, ìlara ló ń ṣe é.

Títíladé, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìwádìí irúgbìn, ló pe Wándé lẹ́jọ́. Wándé yìí ló ń bá wọn ta ìnṣọ́ránsì ìlera kiri. Títíladé ní ẹran kan wú dí ẹ̀yìn imú Marvellous, ọmọ òun, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹnu ló fi ń mí, etí ẹ̀ ti ń di, tó bá sùn, á máa hanrun, èémí ẹ̀ a sì máa dá dúró. Dókítà ní kí wọ́n tètè gé ẹran náà kúrò. Ilé iṣẹ́ Wándé ní àwọn ò ní sanwó iṣẹ́ abẹ, pé àìsàn náà ti wà kí wọ́n tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó ti pé ọdún kan tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí ọmọ tó hanrun rárá.

Baálẹ̀ kọjú sí Wándé. "Ta ló sọ fún wọn pé ó ti wà?"

"Kábíyèsí, èmi ni."

"Níbo lo ti gbọ́ ọ?"

"Nínú oríkì ni. Lọ́jọ́ ìkómọ, Ìyá Àgbà gbé ọmọ náà, wọ́n ní, 'Ọmọ ahanrun-bí-ẹ́ńjìnnì-ata, ọmọ ahanrun kí ewúrẹ́ já okùn.' Fọ́ọ̀mù wá béèrè bóyá àìsàn kankan wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, tòun ti ewúrẹ́."

Ìyá Àgbà Àmọ̀pé, ìyá ọkọ Títíladé, bọ́ síwájú.

"Wándé, ṣé orí ẹ pé ṣá? Bàbáńlá ọmọ yẹn ni mò ń kì. Ó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

Wándé ò mikàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan náà ni, ilé iṣẹ́ sì ti ṣírò ó pé àìsàn náà ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó pe Gàfárù, tí ògiri ẹ̀ kan ti Títíladé, kó wá jẹ́rìí. Gàfárù búra pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà lòun ò ti sùn. Baálẹ̀ bi í pé ìgbà wo ló kó dé àdúgbò. Ó ní oṣù méjì sẹ́yìn, láti Akanran.

"Ta ló wá ń hanrun sí ẹ létí l'Ákanran?"

"Òun náà ni, Kábíyèsí. Ariwo ẹ̀ ń kọjá Ẹrúnmu."

Èmi alára ò lè pa irú irọ́ yẹn.

Àwọn ìjòyè forí korí títí, Baálẹ̀ wá wúkọ́.

"Wándé, tó bá jẹ́ bàbáńlá ló ń hanrun, ẹ lọ bá a nínú sàréè, kẹ́ ẹ lọ sọ fún un pé ẹ ò sanwó. Ìwọ, padà lọ tún fọ́ọ̀mù yẹn kọ, kó o fọwọ́ sí i pé irọ́ lo kọ́kọ́ kọ. Títí lẹ́tà pé ilé iṣẹ́ yín á sanwó iṣẹ́ abẹ á fi dé, yàrá ẹ ni Marvellous àti Ìyá Àgbà á máa sùn. Tí èémí ọmọ bá dúró, ìwọ ni wàá jí i. Ìyá Àgbà á sì máa kì í láràárọ̀."

Wándé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àìsùn lè pa mí."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé lọ́dún márùn-ún, Kábíyèsí."

Baálẹ̀ dìde, ó wọ bàtà ẹ̀.

"Ó ti wà kó o tó dé ààfin nìyẹn. Àánú wa ò kan irú ẹ̀."