Ọjọ́ Tí Dáínásọ̀ Rì Sínú Ẹ̀kọ

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa wí pé ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ dúró ná. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìgbájọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nílé Bàbá Adéoṣùn, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó bí Bàbá Adéoṣùn, ẹ ní kó wá bá mi.

Bàbá ní ọmọ-ọmọ kan, Fèyítìmí, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Fèyí gbọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́, àmọ́ kò fẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Iyanrìn o, ọṣẹ o, epo àkàrà o, gbogbo rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí hóró ìrẹsì kan bá lẹ̀ mọ́ ọn níka, á na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́, á sì máa ké títí wọn yóò fi nù ún kúrò. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi erùpẹ̀ ro àmàlà lójúde, ẹnu ọ̀nà lòun máa ń dúró sí, á máa wò wọ́n. Ìdúró yẹn ló ń dun Mosúnmọ́lá ìyá rẹ̀ jù.

Nọ́ọ̀sì kan gba Mosún nímọ̀ràn. Ó ní, "Ẹ má fipá mú un, mà. Ẹ wá ohun tó fẹ́ràn, kí ẹ fi í sínú ohun rírọ̀, kó máa fi ṣeré. Ara rẹ̀ á gbà á díẹ̀díẹ̀."

Kò sóhun tí Fèyí fẹ́ràn tó dáínásọ̀, àwọn ẹranko gìrìwò tó ti kú tán kí èèyàn tó dáyé. Inú ìwé bàbá àgbà rẹ̀ ló ti rí àwòrán wọn. Mosún bá wá sílípáàsì tó ti gbó, ó fi abẹ gé dáínásọ̀ mẹ́rin jáde lára rẹ̀. Èyí tí ọrùn rẹ̀ gùn jù ni Fèyí sọ ní Dáíná. Òun ló ń gbé sùn.

Bàbá ní, "Inú irà ni irú wọn ń gbé. Ẹ fi irà sílẹ̀ fún mi."

Ó po ẹ̀kọ kún bàsíà ìfọṣọ, ó fún omi ẹ̀fọ́ sí i títí gbogbo rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé, ó sì jẹ́ kó tutù. Ó mọ ẹ̀bà ga bí òkè sáàárín, ó da epo pupa lé e lórí, ó ní òkè tó ń yọ iná nìyẹn. Ó tún so òkúta mọ́ Dáíná lẹ́sẹ̀, kó lè dúró dáadáa.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní ìpàdé, Bàbá sì ni alága. Ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun báláú, ó sì ti dé fìlà.

Mosún ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ aṣọ yẹn ná."

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi da kẹ́míkà pọ̀ níwájú ọmọ iléèwé, Mosún. Ṣé ẹ̀kọ lásán ló máa wá ta sí mi láṣọ?"

Fèyí rí bàsíà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè. "Rárá! Ó ń lẹ̀!"

Bàbá lóṣòó, ó bú bí ẹranko, ó sì ń mú Dáíná rìn nínú irà. Òkúta wúwo. Dáíná yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ìsàlẹ̀.

"Bàbá! Dáíná ti rì!"

"Ó ń lúwẹ̀ẹ́ ni."

"Kò lúwẹ̀ẹ́! Ó ń kú!"

Omijé ti ń bọ̀ lójú ọmọ. Bàbá ti ọwọ́ bọ ẹ̀kọ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń wá a. Awò ojú rẹ̀ náà bọ́ sínú ẹ̀kọ. Bó ṣe wá fa Dáíná yọ, tó dìde, tó ń kígbe pé "Òun rèé!", ewúrẹ́ aládùúgbò tó ti gbọ́ òórùn ẹ̀kọ yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá yíjú pa dà, ewúrẹ́ sì gbá Dáíná lọ́rùn mú. Bàbá fa ìrù, ewúrẹ́ fa ọrùn. Mosún gbé ìgbálẹ̀ jáde. Ewúrẹ́ rí ìgbálẹ̀, ó la ẹnu, ó fi Dáíná sílẹ̀.

Gbàgà! Bàbá jókòó sínú bàsíà. Òkè tó ń yọ iná wó lé e lórí, Dáíná sì tún rì.

Ẹ gbọ́ mi o. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, Fèyí ti sáré débẹ̀, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹ̀kọ, ó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá àgbà. Ó fà á yọ. Ó gbá a mọ́ àyà.

Lẹ́yìn náà ló wá rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Mosún ti di etí sílẹ̀ de igbe. Fèyí wo ìka, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó fi ọ̀kan kan ahọ́n.

"Ó dùn," ló wí. Ó sì fi ìyókù pa bàbá àgbà rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Mosún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mú aṣọ wá nu ọmọ, Bàbá dá a lẹ́kun. "Má nù ún. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Ìyá Olóyèédé, akọ̀wé ẹgbẹ́, fi wọlé wá pe alága sípàdé.

"Alága! Kí lẹ ń ṣe nínú bàsíà?"

Bàbá na ọrùn bí ẹni tó jókòó sórí àga ọlá. "Akọ̀wé, ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́."

Ìyá Olóyèédé wo Fèyí, ẹ̀kọ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo Bàbá, ẹ̀kọ nírùngbọ̀n, ẹ̀bà lórí fìlà, epo ń kán sí i létí.

"Òótọ́ ni, sà," ló wí. "Àmọ́ ọmọdé méjì ni mò ń wò níbí, ti èwo lẹ ń sọ?"

Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìpàdé, pé ìdí tí alága ò fi wá nìyẹn. Àwọn olùkọ́ gbé e délé, àwọn aládùúgbò wọn gbà á lẹ́nu wọn, ó di òwe. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ọmọ tó ti kó ẹ̀kọ ra gbogbo ilé, ẹ má tíì jágbe mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ gbé àgbà tó wà nínú bàsíà dìde, kí ẹ tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.