Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe ní Olúpọ̀nnà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi, àfi tí wọ́n bá ti gbé mi wọ sàréè. Ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àna àbúrò mi ní Olúpọ̀nnà ni, tí mi ò sì lè dìde mọ́. Ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀, nítorí ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni inú fi ń run mí. Bí mo bá jẹun tán, inú á máa lọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n ń fún, n ó sì sáré wá ilé ìyàgbẹ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìwó, òfìfo ni wọ́n máa ń bá àga mi. Gbogbo ẹni tí mo bá sì sọ fún ló mọ ohun tó ń ṣe mí: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọ̀gá mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu géètì wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n yé jẹ ṣúgà. Mo yé jẹ ṣúgà. Mo mu àgbo jẹ̀dí gbígbóná, mo mu tútù, mo mu ún títí ìyá tó ń tà á fi ń pè mí ní ọkọ rẹ̀. Ṣòkòtò mi wá ń já bọ́ nídìí, èmi náà sì ń sọ fáwọn èèyàn pé mo ń dín ọ̀rá ara kù ni.

Lọ́jọ́ kan, mo dákú lé orí fáìlì. Ọsibítù kan ní Òṣogbo ni wọ́n gbé mi dé, àwọn dókítà ní ìfun mi ti bẹ́ nínú, pé tí wọn ò bá là mí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa múra ìsìnkú. Ìyàwó mi ló fọwọ́ síwèé. Nígbà tí mo jí, mo rí àpò ọ̀rá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn mi lápá ọ̀tún. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Ìfun mi ni mo rí, ó pupa bí ahọ́n, ó yọrí síta, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà jáde báyìí, nígbà tó bá wù ú.

Dókítà náà, ọmọdébìnrin kan tó ní sùúrù, jókòó tì mí, ó ní Kíróònsì ni orúkọ àìsàn náà. Ó kọ ọ́ sórí ìwé fún mi nítorí ẹnu mi ò gbà á. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ara mi ni wọ́n yíjú padà, tí wọ́n ń bá ìfun mi jà. Ó ní bóyá wọ́n á lè dá èyí tó wà níta padà sínú tó bá yá, bóyá wọn ò ní lè dá a padà. Mo bi í pé ìgbà wo ni àìsàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ máa lọ. Ó wo ìyàwó mi kó tó wò mí, ó ní, "Kì í lọ pátápátá, sà. Ẹ ó máa bá a gbé ni." Èmi ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, mo fa aṣọ bo ojú, mo sì sunkún títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán kọjá.

Nígbà táwọn ará ilé wá kí mi, mo sọ fún wọn pé àpẹ́ńdíìsì ni. Gbogbo ayé ló mọ àpẹ́ńdíìsì. Àìsàn gidi ni, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ìyàwó mi nìkan ló mọ òótọ́. Mo ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun. Mo pa dà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú agbádá lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń lọ jẹ oyè, mo yé lọ kírun Jímọ̀, orí àga nínú yàrá ni mo ti ń kírun tèmi.

"Bàbá Àwáwù, ó kéré tán, ẹ sọ fún Múfú," ìyàwó mi á wí.

Mi ò ní sọ fún Múfú. Àbúrò mi ni Múfú, èmi ni mo tọ́ ọ lẹ́yìn ikú bàbá wa. Ó ti rí ọmọbìnrin kan tó wù ú, Rọ́kíbátù, ọmọ ilé àwọn alfa ní Olúpọ̀nnà. Ẹ̀yin náà sì mọ bí a ṣe ń ṣe é: kí wọ́n tó fún èèyàn lọ́mọ, wọ́n á wádìí ilé yẹn dé gbòǹgbò. Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Ṣé wèrè wà níbẹ̀? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìfun tèmi ni wọn ó wádìí kàn. Kí wọ́n fún un níyàwó ná, n ó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó, mo sì pe ara mi lọ́lọ́gbọ́n.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni a fẹ́ lọ mọ àwọn àna. Láti ọ̀sán Jímọ̀ ni mi ò ti fi nǹkan kan kan ẹnu, kí àpò lè ṣófo. Àwọn àpò tuntun tí a ń retí láti Ìbàdàn ò tíì dé, èyí tó wà lára mi ti lo ọjọ́ márùn-ún, ìyàwó mi sì fi píláásítà lẹ etí rẹ̀ yípo. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó máa bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní dandan, gbogbo wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun nílé òun.

"Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ febi lọ sílé àna," ni wọ́n wí, "kí wọ́n má baà rí ọ̀kánjúwà yín."

Ẹ̀wà ni wọ́n sè. Mo bu díẹ̀, wọ́n bu kún un. Mo jẹ ẹ́ tán, nítorí ẹni tó ti parọ́ pé ara òun le kò lè kọ ẹ̀wà. Kí mọ́tò tó kúrò nínú ìgboro Ìwó, mo ti ń gbọ́ tí àpò ń wú lábẹ́ agbádá mi.

Ní Olúpọ̀nnà, pálọ̀ ti kún. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, àwọn obìnrin kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú fún wa. Àwa ọkùnrin mẹ́fà la lọ. Bí Bàbá Kékeré ṣe ní ká kí wọn, àwọn yòókù nà gbalaja. Èmi tí mo dúró bí bàbá fún ọkọ ìyàwó, mo tẹ̀ díẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀.

Alfa Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá Rọ́kíbátù, rí mi. Àwọn ni olórí ẹbí.

"Ta ni ìyẹn tó ń kí wa bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà," Bàbá Kékeré dáhùn. "Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ni. Àpẹ́ńdíìsì."

Ọkùnrin gìrìpá kan nínú ẹbí wọn bá ká ẹ̀wù sókè, ó fi àpá hàn wá. "Èmi náà ṣe àpẹ́ńdíìsì. Oṣù kejì ni mo ti wà lóko, tí mo ń kọ ebè. Ìgbà wo ni tiyín?"

"Oṣù mẹ́rin," Múfú fi òótọ́ inú dáhùn.

Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń rí báyẹn, pé ilé onígbèéraga ni ọmọ àwọn ń lọ. Alfa Àgbà ní tí ẹni tó dúró bí bàbá kò bá lè kí àwọn, kí la wá ṣe? Múfú gbójú sókè lórí ẹní, ó wò mí. Ojú tó fi wò mí nígbà tó wà ní kékeré, tí mo bá pẹ́ kí n tó wá mú un níléèwé, ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo nà gbọọrọ, mo fi ikùn lélẹ̀.

Ohùn kan jáde lábẹ́ mi. Ó gùn, ó dún kedere, ó tún dún padà bí ẹni pé ẹnì kan ní òun ò gbọ́ ọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi, ìfun tó wà níta kò ní ẹni tó ń bá a ti ilẹ̀kùn. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kíkankíkan láti fi bò ó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí píláásítà já, tí nǹkan gbígbóná sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Gíní funfun ni mo wọ̀.

"Ó ti tó, àna wa," Alfa Àgbà wí, ohùn wọn ti rọ̀. "Ẹ dìde."

"Mo ṣì ń kí yín ni, sà," mo ní.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá dìde, gbogbo wọn ló máa rí i. Níwọ̀n ìgbà tí mo sì wà nílẹ̀, àwọn márùn-ún yòókù ò lè dìde ṣáájú mi. Wọ́n ní kí n dìde lẹ́ẹ̀kejì, mo fi iwájú orí kan ẹní. Ìyá ìyàwó pariwo pé, "Ẹ ò rí ìwà! Ẹni tí ẹ ní ó ń gbéraga!" Gìrìpá alápàá ní kí n dárí ji òun, òun ti ṣì mí mọ̀. Alfa Àgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà lé mi lórí, wọ́n ń mú un láti orí Lárúbáwá bọ́ sí Yorùbá, èmi ń ṣe àmín sínú ẹní. Bàbá Kékeré ń sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Dìde, ìwọ ọmọ yìí! Orúnkún mi!" Ká ní òórùn ò sí láyé ni, bóyá ibẹ̀ ni à bá ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n òórùn dé. Àdúrà fà sẹ́yìn. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ ti wọlé, wọ́n wo abẹ́ àga, wọn ò rí ewúrẹ́. Àǹtí ìyàwó kan bá nàka sí Múfú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọkọ ìyàwó ni! Ó wá tọrọ ọmọ wa, ó wá ń só sí wa lára!"

"Èmi kọ́, mà," Múfú wí. "Mo búra, èmi kọ́."

Àwọn ọmọbìnrin tó wà ní yàrá pẹ̀lú Rọ́kíbátù rẹ́rìn-ín. Bàbá Rọ́kíbátù gbé ojú kúrò lára Múfú. Mo mọ̀ pé tí mo bá tún dákẹ́ díẹ̀ sí i, orúkọ yẹn á lẹ̀ mọ́ àbúrò mi títí láé.

Mo dìde. Ojú gbà mí tì. "Ẹ má bínú sí i. Èmi ni. N kò ṣe àpẹ́ńdíìsì rárá. Ìfun mi ló bẹ́, ìta ló wà báyìí, àpò tí mo fi gbà á ló já." Mo sì ká agbádá, nítorí kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́.

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó lọ mú aṣọ wá, ó gbé e fún mi láìwo ojú mi. Alfa Àgbà bi mí pé, "Ṣé ó ń ràn?"

"Kì í ràn, sà."

"Ṣé ó máa ń wà nínú ẹbí?"

Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo wo Múfú, mo gbé e mì. "Dókítà ní ó lè tọ ẹbí, ó sì lè má tọ̀ ọ́. Nínú tiwa, èmi nìkan ni mo mọ̀ tó mú."

"Ẹ máa lọ ná," ni wọ́n wí. "A ó ránṣẹ́ sí yín."

Gbogbo wíńdò mọ́tò ni a ṣí sílẹ̀ nígbà tí à ń bọ̀. Nígbà tí a rí àwọn ilé Ìwó, Múfú ní, "Bọ̀ọ̀dá, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbàdúrà fún àpẹ́ńdíìsì yín." Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lo oṣù márùn-ún.

Ní ọjọ́ kejìlá, ọ̀kadà kan gbé Alfa Àgbà wá sílé mi, àwọn nìkan. Bí mo ṣe rí wọn, ara mi ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ méjì sá sẹ́yìn, wọ́n na ọwọ́ síwájú: "Ẹ dákun! Ẹ má kí mi!"

Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Wọ́n ní àwọn ní àbúrò obìnrin kan rí, tí inú ń run, tó ń ya ẹ̀jẹ̀, tó rù títí ó fi dà bí igi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é títí ó fi kú. Nígbà tí àlejò bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. "Mi ò mọ̀ bóyá irú tiyín ni," wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwa ló fún un ní àgbo, àwa náà la sì tilẹ̀kùn. Ilé wo ni kò sí àìsàn? Èyí tí wọ́n bá sọ fún wa lẹ́yìn ìgbéyàwó ni a kì í dárí rẹ̀ jì wọ́n. Ẹ wá mú ọjọ́ yìgì."

Mo sunkún níwájú wọn. Ìyàwó mi náà sunkún ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ yìgì, gbogbo ọkùnrin ilé wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi nìkan ni mo dúró láàárín wọn bí òpó. Gìrìpá yẹn ló kọ́kọ́ rí mi, ló bá ké sí àwọn obìnrin pé, "Ẹ tètè fún àna wa ní àga kó tó kí wa!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá di àìsàn rẹ̀ mọ́ abẹ́ agbádá, iwájú àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i gan-an ló máa já sí. Mi ò pe àìsàn ẹnikẹ́ni ní jẹ̀díjẹ̀dí mọ́. Tí ara ọ̀rẹ́ mi ò bá yá, ọsibítù ni mo ń lé e lọ.

Ìfun mi ṣì wà níta. Dókítà ní ká ṣì máa wò ó. Múfú ti ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, bóyá ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí inú rẹ̀ bá kùn díẹ̀, ó ti pè mí nìyẹn: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára yín nìyí?" N ó bi í pé kí ló jẹ, á ní ẹ̀wà. N ó ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́, àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Tó bá ti pa fóònù, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹ̀wà náà ni lóòótọ́.