Àlájì Soumanou, Olùṣọ́ Pápá Iyanrìn

Bí ẹ bá dé àdúgbò Akron, ẹ má béèrè ilé Soumanou. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Àlájì Soumanou Baba Ewéko ni kí ẹ béèrè, A-ṣọ́-pápá-má-tẹ̀-ẹ́, ọ̀rẹ́ gbogbo koríko tí kò bá ti hù sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, sìmẹ́ńtì ló dà sí i.

Pápá kan wà lójú ọ̀nà Adjarra, ilẹ̀ iyanrìn gbígbẹ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí òjò bá ti ń rọ̀ ni iyanrìn ń fà á mu. Àgbàdo kò fẹ́ ibẹ̀, iṣu kò fẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ òṣì gan-an ni ilé ọlá wọn: igi kéékèèké tí kò ga ju orúnkún lọ, koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀, òdòdó pupa wínníwínní tó ń fà nílẹ̀. Wọ́n ń gbé pọ̀ bí ará agboolé kan, kò sí èyí tó bo ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ni Àlájì bá gbọ́ pé Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ilẹ̀ Gbígbẹ ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe olùṣọ́ pápá yìí. Wọn yóò kọ orúkọ olùṣọ́ náà gàdàgbà sẹ́bàá títì, ohun tó bá sì sọ nípa ilẹ̀ náà ni abẹ́ gé. Ara Àlájì kò balẹ̀ mọ́. Ó fi wáyà yí pápá ká, ó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé kan níbẹ̀.

Samiatou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gé koríko ìgbálẹ̀ ní pápá náà. Iṣẹ́ ìyá wọn ni. Samiatou lọ bá a nílé.

"Àlájì, ẹ ṣàánú wa. Koríko yìí kò sí níbòmíràn. Kí ni kí àwọn ọmọ wa máa jẹ?"

"Samiatou, ewé kì í bọ́ lára igi kó má dun Soumanou. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi dòjé gé e, apànìyàn ni yín."

"Koríko la gé o, Àlájì."

"Koríko náà ní ìyá!"

"Ewúrẹ́ tó wà nínú ọbẹ̀ yín yẹn ńkọ́? Ṣé òun kò ní ìyá ni?"

Àlájì wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ó rọra fi ọmọrí dé e.

Ọdún méjì ni wáyà náà fi wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń ru ẹrù ẹlẹ́rù kiri ọjà Ouando. Àlájì kò wọ inú pápá rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wáyà ló máa ń mú àlejò dúró sí, a sì máa pa òwe fún wọn: "Igi kan kì í dá igbó ṣe, àfi tí igi náà bá jẹ́ Soumanou."

Nígbà tó yá, Ọ̀mọ̀wé Ìyádùnní, obìnrin tó ń kọ́ nípa ewéko, dé láti Abẹ́òkúta lórúkọ ẹgbẹ́ náà. Àlájì ti pe gbogbo Akron jọ. Ó ti ya àwòrán ojú ara rẹ̀ sórí pátákó ńlá kan kí wọ́n tó yàn án. Samiatou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà wá, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí Àlájì bá di olùṣọ́, ó parí fún wọn nìyẹn.

Àlájì ṣí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀mọ̀wé wo iwájú, ó wo fọ́tò inú fóònù rẹ̀, ó tún wo iwájú.

"Àlájì, níbo ni pápá náà wà?"

"Òun nìyí."

Igbó tó ga dé ọrùn ló wà níbẹ̀. Òdòdó pupa kò ṣẹ́ku ẹyọ kan.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ìtọ́jú!" Àlájì na àyà síwájú. "Láti ọdún méjì, ọwọ́ ènìyàn kò kàn án."

Ọ̀mọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ìtọ́jú yìí ló pa á. Irú ewéko yìí, bí a kò bá máa gé e, bí a kò bá máa dáná sun apá kan rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbó ńlá á bò ó, á kú sábẹ́ òjìji. Ẹni tó ti ń gé e tẹ́lẹ̀ là ń wá. Òun la fẹ́ fi ṣe olùṣọ́."

Àwọn tó mọ Àlájì ti mọ ohun tó ń bọ̀.

"Èmi ni," ni Àlájì wí.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọwọ́ ènìyàn kò kàn án ni."

"Ọwọ́ ènìyàn ni mo wí. Mi ò dárúkọ ọwọ́ Soumanou."

Assani, aládùúgbò rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ré bọ́ lórí rẹ̀. Samiatou kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na dòjé sí Àlájì.

"Bàbá wa, ẹ gé díẹ̀ kí àwọn àlejò rí i."

Kò sí ibi tí Àlájì fẹ́ gbà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa di ìró wọn mọ́ra pinpin, nítorí èèmọ́, èso ẹlẹ́gùn-ún tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àlájì ní tirẹ̀ tẹ́ agbádá basẹ́ẹ̀n rẹ̀, aṣọ olówó ńlá tó ń dán, sílẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó wọgbó bí ẹni ń lọ jẹ oyè. Ó ju dòjé, afẹ́fẹ́ ló gé. Ó tún un jù, dòjé kọ́ apá agbádá. Ó yí sọ́tùn-ún, èèmọ́ gbá a mú. Ó yí sósì, òmíràn gbà á. Kó tó jáde, apá agbádá kan ti lẹ̀ mọ́ àyà, èkejì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó wá dà bí òòrẹ̀ tó ń lọ sí mọ́sáláṣí.

"Ẹ gbà mí o!"

"Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!" Samiatou kígbe. "Ìtọ́jú la fẹ́ tọ́jú u!"

Ọ̀mọ̀wé pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ráyè sọ̀rọ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlájì, ó fi lé Samiatou lọ́wọ́ lójú gbogbo Akron.

Saïbou, awakọ̀ Àlájì, kò jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá náà. "Àga ọkọ̀ á bàjẹ́, Àlájì." Baba Ewéko bá bọ́ agbádá, ó wá ku àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti dòjé tó gbàgbé sọ́wọ́.

Ní Ouando, ọkọ̀ dúró kí èrò ọjà lè kọjá. Ìyá arúgbó kan rí bàbá tó wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, tí òógùn bò, tí koríko wà lórí rẹ̀. Ó tẹríba fún un gidigidi.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o, bàbá! A ó jèrè rẹ̀ o!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Soumanou, ẹnikẹ́ni kò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ dá ìyá lóhùn, Àlájì," ni Saïbou wí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin lẹ gé e."