Bí Kòsírúmi Ṣe Lé Ariwo Kúrò Nílé Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kò lè mu omi tútù kó má ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò. Olùkọ́ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Kòsírúmi, inú rẹ̀ sì ń dùn sí orúkọ náà. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni!

Ẹgbẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ti gbogbo orílẹ̀-èdè ń wá alákòóso ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí ni láti wádìí ohun tó ń mú èèyàn hùwà tó ń hù, kí wọ́n sì kọ́ olùkọ́ àti òbí bí a ṣe ń tún ìwà ṣe láìlo pàṣán. Wọn kì í gba ẹnu lásán gbọ́. Kíkà ni wọ́n ń kà. Ìgbà mélòó ni ọmọ sunkún? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sunkún? Kí ló rí gbà lẹ́yìn ẹkún?

Kòsírúmi ní òun gan-an ni wọ́n ń wá. Wọn ò tíì mú ẹnikẹ́ni, ó ti ń sọ fún onígbàjámọ̀ pé, "Rọra o, orí alákòóso ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn!"

Ó kọ ìwádìí ránṣẹ́. Ó ní ariwo ilé òun tó ń tó ìgbà mọ́kànlélógún lóòjọ́ ti di òdo láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òdo! Ní itẹ́ òkú pàápàá, ẹyẹ a máa ké.

Ẹgbẹ́ ní kò burú, àwọn ń bọ̀ wá kà á. Èèyàn méjì ló máa ń kà fún wọn. Wọn kì í jókòó pa pọ̀, wọn kì í wo ìwé ara wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀. Bí iye wọn bá bára mu, ẹgbẹ́ á gbà á.

Wọ́n dé láàárọ̀ Sátidé. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyàwó Kòsírúmi ń ká aṣọ, ọmọbìnrin wọn ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ilé pa lọ́lọ́.

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́?" Kòsírúmi figbe ta.

Ìyá nọ́ọ̀sì fa ìlà kan sínú ìwé.

"Kí lẹ kọ yẹn, mà?"

Ìlà mìíràn.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹlẹ́nu bí èyí, ẹ wá gbé e síwájú èèyàn méjì tí kò gbọdọ̀ dá a lóhùn! Ó kígbe sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rúlà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?" Ìyàwó sín. "Ìwọ náà! Lójú àlejò!" Ìkòkò hó lórí iná, ó bú ìkòkò. Ọkùnrin awò yí ìwé padà sẹ́yìn. Pẹ́ńsùlù ìyá nọ́ọ̀sì kú, ó sì fọwọ́ tọrọ ti ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ pe tọkọtaya náà sí gbọ̀ngàn. Kòsírúmi wọ kóòtù tuntun, ó lọ jókòó níwájú níbi tí ẹnikẹ́ni ò fi í sí. Èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sì ní purọ́, inú mi dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Alága, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ka èsì. "Ariwo wákàtí kan: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Iye olùkà méjèèjì bára mu. Ti ìyàwó, òdo. Ti ọmọ, òdo."

Kòsírúmi fò sókè. "Irọ́ ni! Òdo ni fún odidi ọjọ́ méje tó kẹ́yìn nínú ìwádìí mi!"

Ẹnìkan lẹ́yìn tún fa ìlà.

Alága bi í pé, "Ta ló ka ti ọjọ́ méje yẹn?"

"Ìyàwó mi. Ó ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù."

"Kí ló dé tẹ́ ò kà á fúnra yín?"

"Báwo ni n ó ṣe kà á? Mo rìnrìn àjò lọ dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ lórí..." Ó gbé ìyókù mì.

"Ìwádìí yín ò parọ́, sà," ni alága wí. "A ti rí ohun tó ń fa ariwo, a sì ti rí oògùn rẹ̀. Àmọ́ ẹlòmíì la mú ṣe alákòóso."

Kòsírúmi jókòó. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú alága.

"Ẹ dákun mà, ẹ bá mi bẹ ọkọ mi. Ọjọ́ méje ti kéré jù fún ìwádìí. Ẹ ní kí wọ́n padà lọ sí ìrìn àjò yẹn, kí wọ́n ṣe é tó ọdún kan."