Ilẹ̀dú Ọba Ebè

Ẹ bá mi kí Ọba Ebè, àgbẹ̀ ńlá tí kì í fọwọ́ kan ọkọ́ àfi bí èrò bá ń kọjá lójú títì. Látòkè dé ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kọ ebè rẹ̀, kí àwọn tó wà nínú mọ́tò lè rí i pé ó gún régé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń dáko nísàlẹ̀ tirẹ̀. Ìyẹn kọ ebè dábùú, ó gbin koríko sí ààlà, kì í sì í jó pàǹtí oko. Ọba Ebè ní oko ọ̀lẹ ni. Tirẹ̀ ńkọ́? Ó ti jó o títí, òjò ti fọ̀ ọ́ títí, ó ku òkúta wẹ́wẹ́.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá kéde pé ẹni tó bá mọ ilẹ̀ ẹ́ tọ́jú jù làwọn máa fún ní àkùrọ̀ etí odò. Obìnrin yìí fẹ́ ẹ gidigidi, torí ọmọ pọ̀, oko sì kéré. Ọba Ebè náà fẹ́ ẹ, torí afárá wà níbẹ̀ tí èrò á ti máa wò ó. Ló bá háyà típà, ó kó ilẹ̀dú wá, ó sì tẹ́ ẹ bo òkúta.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó wọ bàtà funfun. Alága ẹgbẹ́ bu ilẹ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó béèrè ibi tó ti rí irú rẹ̀.

"Ibo ni mo tún fẹ́ ti rí i, alága? Ọwọ́ mi ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ò tibòmíì wá."

Ibẹ̀ ni òjò bá wọn. Wọ́n sá sábẹ́ àtíbàbà. Omi bọ́ sínú poro tó gún régé, kò sóhun tó dá a dúró. Ilẹ̀dú gbéra, òkúta yọjú. Nísàlẹ̀, koríko àbúrò rẹ̀ gba ilẹ̀dú dúró, ó ní kí omi máa lọ.

Ọba Ebè gbàgbé àlejò, ó sáré jáde, ó ń pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀ lóko tirẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án o! Ilẹ̀ mi nìyẹn! Típà mẹ́ta ni mo fi kó o wá!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó fìdí wọ́ gba inú poro lọ sísàlẹ̀, àfìgbà tí koríko gba òun náà dúró.

Àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ ò bá ti sọ pé ẹ̀ ń bọ̀."

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ti rẹ́ni fún ní àkùrọ̀: obìnrin tó tọ́jú ilẹ̀ tirẹ̀, tó tọ́jú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó sì tún tọ́jú ẹ̀gbọ́n náà.

Lójú títì, mọ́tò ti tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo èrò ń wo Ọba Ebè. Ohun tó ti ń fẹ́ látọjọ́ yìí náà nìyẹn.